Ilẹ̀ Tútù Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Nígbà tí oníná wá pààrọ̀ iná balùwẹ̀ yàrá tí mo háyà ní Lọ́kọ́ja, mo dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ó gun àga, ó tú ìdí gílóòbù àtijọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ fi tuntun onírin kan rọ́pò rẹ̀, mo sì bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tó ń wọlẹ̀, ńkọ́?" Ó wò mí láti òkè wá. "Ṣé iṣẹ́ iná lẹ kà ní yunifásítì ni, àǹtí?" Mo ní rárá, ìtàn ni mo kà. Ó rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ kó yé e pé kì í ṣe pé mò ń fura sí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe irú èyí tó máa ń ba ẹni tí kò mọ nǹkan, irú èyí tó máa ń ba ẹni tó ti rí nǹkan ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tí mo bá ń ṣàlàyé ọkàn mi fún ènìyàn. Ohun tó wà lójú mi nígbà náà kì í ṣe balùwẹ̀ Lọ́kọ́ja rárá. Ilé Bàbá àti Ìyá ni, ní Kàbà, ní ọdún tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ra iná aláràbarà fún Ìyá, tí iná náà sì fẹ́ gba Ìyá lọ́wọ́ wa.

Ìyá mi ń kọ́ni ní Ìsánlú nígbà náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni mò ń gbé. Bàbá àti Ìyá ni mo ń pè wọ́n, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n. Bí mo bá dijú báyìí, ìró ilé náà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun. Ọwọ̀ mi lórí iyanrìn ló máa ń ṣáájú, torí iṣẹ́ mi nìyẹn láràárọ̀, lẹ́yìn náà ni rédíò Bàbá tó máa ń kùn bí oyin kó tó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni òfì Ìyá. Òfì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ni, èyí tí wọ́n gbé dúró sára ògiri, tí ahunṣọ á jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo dígí. Ìyá á fi ọ̀pá pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì, gbogbo wa á sì mọ̀ pé ayé ṣì wà níbi tí a fi í sí lánàá. Àwọn tó ń lọ sóko á kí i láti ojú ọ̀nà, "Okun o!", òun náà á dáhùn pé "Okun!" láìgbójú sókè, á sì dárúkọ ẹni tó kí i láìṣì í. Ará Ìyámoyè ni Ìyá, ọmọ Kàbà ni Bàbá, wọ́n sì ti bá ara wọn gbé pẹ́ débi pé wọn kì í jà mọ́, wọ́n kàn ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí iyán bá ní kókó, Bàbá á kọjú sí mi, á ní, "Má bínú sí i, ibi tó ti wá, àgbàdo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè." Ìyá á bu ọbẹ̀ ìṣapá lé iyán náà, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin tó mọ iyán gún ló pọ̀ jù ní Kàbà, ìyẹn ló mú yín sáré wá sí Ìyámoyè." Wolé-wolé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣì máa ń fi ọwọ́ sẹ́yìn rìn yí ilé ká láràárọ̀, á yọjú wo inú kòtò, á tẹjú mọ́ ìkòkò omi bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i, bí ẹni pé ìjọba ṣì ń retí ìròyìn rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni balùwẹ̀ wà, omi rẹ̀ sì ń gba ojú ihò kan jáde sórí ilẹ̀ kan tí kì í gbẹ. Kódà nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ iwájú ilé bá ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, tí Òkè Ọ̀bàńgogo pàápàá bá ti wọ inú kùrukùru eruku lọ, ilẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ á ṣì tutù, ewé kókò á ṣì nà síta níbẹ̀ bí etí erin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé Ìyá pàṣẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ibi ọmọ gbogbo àwọn ọmọ ilé náà sí, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ. Ìyá ní ọmọ tí èkejì rẹ̀ bá wà níbi tútù, ara rẹ̀ á tutù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ri tirẹ̀ síbi gbígbẹ, ibà àti ìbínú ni yóò máa bá kiri. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ Ìyá gba tèmi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé e wálé nínú ìkòkò, ó ní kí Bàbá wá gbẹ́lẹ̀. Bàbá, tó ti fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn ará ìlú ohun tí wọn kò gbọdọ̀ rì sẹ́yìn ilé wọn, gbẹ́ ihò náà láìjanpata. "Ó kàn bi mí bóyá ó jìn tó ni," bí Ìyá ṣe máa ń parí ìtàn náà nìyẹn, "bí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà gba ìgbéga." Mo máa ń rò ó lónìí pé ó ṣeé ṣe kí Ìyá ti ṣe àṣìṣe lórí tèmi. Tèmi wà níbi tó tutù jù, síbẹ̀ ọkàn mi kò tíì balẹ̀ rí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú Ìyá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé kékeré kan ló wà ní balùwẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ló sì ń fì lórí wáyà níbẹ̀, ooru omi ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan Ìyá tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn náà, ó ṣubú, ó fi ìgbáròkó balẹ̀. Kó tó dìde tán, mo ti fi fóònù Bàbá pe Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, mo sì ti ń sunkún sí i létí. Kò pẹ́ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi dé pẹ̀lú páálí kan. Iná kan ló wà nínú rẹ̀, onírin, ó ń dán bíi wúrà, ara ògiri ni wọn yóò kàn án mọ́, lókè dígí, ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kàn máa fa ṣéènì yìí ni, iná á tàn. Ẹ ò ní máa táràrà wá súwíìṣì kiri mọ́."

Ìyá yí iná náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ṣé balùwẹ̀ ni àbí ààfin? Ẹni tó wà ní ìhòhò, kí ló fẹ́ fi iná tó tó báyìí wò?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sí i," Bàbá dáhùn láti ìdí rédíò. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe níbẹ̀ tí oúnjẹ fi máa ń tutù."

Ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Sùlé ni wọ́n rán mi sí. Oníná ni, ọmọ Ìyàrá, ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ gidi. Bó bá fẹ́ so wáyà méjì pọ̀, á kọ́kọ́ wàásù lé wọn lórí. Ó tú iná náà palẹ̀ sórí ẹní níwájú wa. Ó ní pupa ń gbé iná bọ̀, dúdú ń gbé e padà. Ó wá mú ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà àwọ̀ ìyeyè, ó gbé e sókè. "Eléyìí ni ẹ́ẹ̀tì. Kò gbé nǹkan kan bọ̀, kò gbé nǹkan kan lọ."

"Mo mọ irú rẹ̀," Ìyá ní. "Àbúrò ọkọ mi kan wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà oúnjẹ nìkan la máa ń rí i."

"Ìyá, ẹ gbọ́ ná! Irin ni gbogbo ara iná yìí. Ẹ rò ó bí ewúrẹ́. Lójoojúmọ́, ewúrẹ́ yín wà lórí okùn. Lọ́jọ́ tó bá já, ṣé ẹ fẹ́ kó bá ilẹ̀kùn kan ní ṣíṣí, kó gba ibẹ̀ lọ, àbí ẹ fẹ́ kó gba àárín ẹsẹ̀ yín? Wáyà yìí ni ilẹ̀kùn. Bí iná bá já sára irin, yóò gba ibẹ̀ wọnú ilẹ̀. Bí kò bá sí i, ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù kan irin náà ló máa di ilẹ̀kùn."

Mo rántí pé mo pa ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀ lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ, ó jókòó, kò sì tíì dìde títí di òní. Bùrọ̀dá Sùlé sọ pé ní balùwẹ̀ àwọn ẹlòmíì, ṣe ni àwọn oníná máa ń gé wáyà kẹta náà sọnù, torí pé iná ń tàn láìsí i. Ó ní òun kì í ṣe oníná bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀pá bàbà gígùn kan lé èjìká, ó mú òòlù dání, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń tẹ̀ lé eégún. Ó dúró sáàárín kókò. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, omi rú díẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Sùlé! Kí lo fẹ́ gún níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, Ìyá. Ibi tútù ló ń gba iná."

"Àwọn ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Bùrọ̀dá Sùlé wo kókò, ó wo Bàbá. Ó yára gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò wá mọ ibi tí yóò gbé e lé. Bàbá wúkọ́. "Ní ti iṣẹ́ iná," ó ní, "òótọ́ ni Sùlé sọ. Ní ti ilé yìí, mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ kú àìsọ nǹkan kan," Ìyá ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá náà ṣe lọ síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká iṣu, níbi tí kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ Kàbà mọ̀ pé òkúta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ wa. Ọ̀pá náà kò tíì wọlẹ̀ dé ìdajì tí òkúta fi pàdé rẹ̀. Bùrọ̀dá Sùlé lù ú títí òógùn fi bò ó, ó sinmi, ó kírun Áṣárì, ó padà wá lù ú, kò lọ. Ó fi ayùn gé èyí tó kù síta, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì jókòó ti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Ìyá gbé fún un. Ó ní kò tó, ṣùgbọ́n yóò gbìyànjú, kí a sáà máa da omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ní a gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ìyá fa ṣéènì, balùwẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ó kọrin níbi ìwẹ̀. "Bàbá Bọ́sẹ̀!" ó pariwo láti inú balùwẹ̀. "Ta ni arúgbó tó wà nínú dígí yìí?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti gún iyán."

Ní gbogbo àsìkò òjò, kò sí wàhálà kankan. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kànga lọ sílẹ̀, Bàbá sì pàṣẹ pé omi tó ṣeé mu kò gbọdọ̀ lọ sórí òkúta. Àṣẹ wolé-wolé ni, kò sẹ́ni tó jiyàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àká fi ń jókòó nínú eruku. Àárín ìgbà náà ni iná balùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ènìyàn. Kì í ṣe títa tó lágbára. Bí o bá di ṣéènì mú, á ja ọ́ léèékánná díẹ̀ lórí ìka, bíi ti ọmọ ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ìyá fi ṣe àpárá. Ó ní iná Àbújá náà ń bá òun ṣeré, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi èékánná pe òun gbẹ̀yìn. Bàbá náà lọ fọwọ́ kàn án, ó padà wá, ó ń nu ìka rẹ̀, ó ní, "Ó mọ àgbà. Kò ta èmi tó bẹ́ẹ̀." Èmi nìkan ni kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo ń ronú nípa ewúrẹ́ Bùrọ̀dá Sùlé. Mo sọ fún Ìyá pé ewúrẹ́ náà ti ń fa okùn. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ọmọ yìí, ó dà bíi pé ẹ̀rù ló gbẹ̀bí rẹ." Mo sọ fún Bàbá pé kó ránṣẹ́ pe oníná, ó ní Bùrọ̀dá Sùlé lọ ṣiṣẹ́ ní Ègbé, yóò dé láìpẹ́. Kí n tó gbọ́ pé yóò dé láìpẹ́, mi ò lè sùn. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ, mi ò sùn síbẹ̀. Èyí tí agbára mi ká ni mo ṣe. Mo mú sílípáàsì rọ́bà mi àtijọ́, èyí tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ rà tó tóbi jù fún mi, mo sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ nírọ̀lẹ́, mi ò ní jẹ́ kí Ìyá wọlé àfi tó bá wọ̀ ọ́. "Ẹ wo ọlọ́pàá onípàkó mi," Ìyá á máa sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí, "kò gba ẹ̀gúnjẹ rárá." Ó máa ń fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ̀ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, oòrùn ṣì wà lórí àká, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Mo gbọ́ tí Ìyá da omi sára, mo gbọ́ tí ó fọwọ́ wá ṣéènì. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú Ìyá. Kì í ṣe igbe. Ó kúrú, bí ìgbà tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Korobá ṣubú. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rí i tí apá rẹ̀ le gbọnrangandan sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò jọ̀wọ́ irin náà. Mo ti na ọwọ́ mi sí i nígbà tí Bàbá bú ramúramù lẹ́yìn mi, "Mojí! Má fọwọ́ kàn án!" Mi ò mọ̀ pé Bàbá ṣì lè sáré. Ọ̀dọ̀ Ìyá kọ́ ló sá lọ, ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sá gbà, síbi tí mítà wà, ó sì já ọwọ́ iná ńlá sílẹ̀. Rédíò dákẹ́. Ìyá jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Mo di í mú, mo ń sunkún, mo ń gbọ́ àyà rẹ̀ tó ń lù. Bàbá sáré padà dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá la ojú, ó wò ó.

"Bàbá Bọ́sẹ̀," ó ní pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, "ẹ wojú ibòmíì. Mi ò wọṣọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí korobá tó ṣubú, ó fi fìlà bo ojú. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó dá Ìyá sí. Bùrọ̀dá Sùlé ní sílípáàsì rọ́bà ni. Bàbá ní Ọlọ́run ni. Ìyá ní orí kunkun òun ni, pé iná náà gbìyànjú, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yóò gùn, ó fi òun sílẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé gbogbo wọn ló jàre. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òfì kò dún. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ń gbọ̀n, kò lè di ọ̀pá mú. Ó jókòó síwájú òwú bí àlejò, àwọn tó ń kọjá kí i pé "Okun o!", ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá kò wọ balùwẹ̀ náà mọ́. Bàbá pa iná ibẹ̀, ó gbé àtùpà síbẹ̀, Ìyá kọ̀. Ẹ̀yìn ẹní tí wọ́n ta sára ògiri ni ó ń wẹ̀, nínú ọyẹ́ tó ń gé ènìyàn létí, kò sì pẹ́ tí ikọ́ fi mú un. Bùrọ̀dá Sùlé dé láti Ègbé, ó tú iná náà. Ó rí i pé etí irin ibẹ̀ mú bí abẹ, ó ti gé ara wáyà pupa, iná sì ti ń já sára irin látìgbà náà. "Ewúrẹ́ ti já," ó ní. "Ilẹ̀kùn ni kò ṣí." Ó fẹ́ fi hàn wá. Ó mú gílóòbù kan tó ní wáyà méjì lára, ó so ọ̀kan mọ́ iná, ó ní kí a jìnnà sí i, ó so èkejì mọ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àká. Gílóòbù náà pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Kò gún nǹkan kan. Ó kàn ti irin kúkúrú kan bọ ẹrẹ̀ tó wà lójú ihò omi, díẹ̀ báyìí, gílóòbù sì mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn adìyẹ sá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bùrọ̀dá Sùlé kò wàásù.

"Ìyá," ó wá ní, "mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé iwájú ilé kò tó. Àmọ́ ta ló tó bá yín jiyàn?"

Ìyá wo gílóòbù náà títí. Bàbá kò sọ nǹkan kan, lọ́tẹ̀ yìí kò sì sọ pé òun kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun láti pàṣẹ lé lórí. Òun ló gbẹ́ gbogbo ihò ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ló mọ ẹni tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo di ẹ̀yìn aṣọ Ìyá mú. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò bínú, pé bí irin bá gún tèmi, mo lè fara dà á, pé ibà wo ni yóò burú tó kí ilé yìí máà ní òfì. Ìyá wúkọ́, ó mú ọ̀pá òfì rẹ̀ láti ara ògiri, ó fi ọwọ́ òsì tí kò gbọ̀n di í mú, ó wọ àárín kókò lọ.

"Ẹ wá. Ẹ tẹ ibi tí mo bá tẹ̀."

Ó fi ọ̀pá náà tọ́ka. "Bọ́sẹ̀ nìyí. Ẹ wo bí ewé rẹ̀ ṣe ń pariwo." Ó sún síwájú. "Ìyá Mojí nìyí. Mojí nìyí, ní ìdí ihò omi, torí wọ́n bí ẹkún mọ́ ọn." Ó tún sún. Ó dúró níbi tí kókò ti fọ́nká. "Dáre nìyí." Mi ò mọ Dáre. Mo wo Bàbá, ó ti ṣí fìlà. "Ó ti ń rìn kó tó lọ," Ìyá ní. "Ó máa ń wá jókòó sí ìdí òfì." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ mìíràn, jẹ́jẹ́, kò tẹ̀ ẹ́. "Eléyìí kò dúró gba orúkọ." Mo wá mọ̀ nígbà náà ohun tí Ìyá ń ṣọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé kókò ló ń ṣọ́. Bùrọ̀dá Sùlé ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀, ó mú ọ̀pá bàbà tuntun kan lọ́wọ́, bí ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò.

Ìyá padà sí ìdí ihò omi. Ó wọn ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ láti ibi tí ó pè ní tèmi, ó sì tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ibì kan. "Gbé e síbí."

"Ìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mojí?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń bẹ̀rù iná jù nínú ilé yìí. Kó máa ṣọ́ ọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi sì bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbìyànjú. Inú mi dùn ni, ẹ̀rù sì ń bà mí, ó sì dà bíi pé wọ́n fi mí joyè. Ọ̀pá náà wọ ilẹ̀ pátá, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ìbẹ́pẹ. Bùrọ̀dá Sùlé wá ní kí n lọ mú èédú àti iyọ̀ wá fún ẹnu ihò náà, kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa. Ìyá ní, "Iyọ̀? Ṣé kí n gé àlùbọ́sà náà sí i?" Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun tọ́ ọ wò. Wọ́n bo irin náà, Bùrọ̀dá Sùlé sì pààrọ̀ wáyà tó ti gé, ó yọ ṣéènì kúrò, ó gbé súwíìṣì jáde sí ògiri ìta balùwẹ̀ níbi tí ọwọ́ gbígbẹ ti lè tẹ̀ ẹ́. Ó tún fi bíréékà kékeré kan sídìí mítà, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti fẹ́ ṣìnà. Ọ̀pá ìdajì náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká iṣu bí ohun tí ogun fi sílẹ̀, Bàbá sì máa ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, mo jí lówúrọ̀ kan, mo mú ọwọ̀, kí n tó gbá ìlà kejì mo gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì, gbì. Ẹnì kan kọjá lójú ọ̀nà, ó ní "Okun o!", Ìyá sì dárúkọ rẹ̀.

Oníná Lọ́kọ́ja sọ̀kalẹ̀ lórí àga níkẹyìn. Ó ti wá wáyà ẹ́ẹ̀tì náà rí nínú ògiri, ẹni tó ṣe ilé ti ká a pa mọ́ sẹ́yìn símẹ́ńtì, ó so ó, ó sì fi tẹ́sítà rẹ̀ hàn mí kí n má bàa tún bi í. "Ó dáa báyìí, àǹtí?" Mo ní ó dáa. Síbẹ̀ mo wọ sílípáàsì rọ́bà kí n tó wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti dé. Ní òwúrọ̀, kí n tó dìde tán, fóònù mi dún. Ìyá ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé omi tó kù nínú ìkòkò lọ sẹ́yìn balùwẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kì í gbà kí ẹlòmíì ṣe é, kò sì ní mu ẹ̀kọ rẹ̀ kó tó pè mí. Mo gbọ́ rédíò Bàbá tó ń kùn lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Okun o, Ìyá."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé o sùn?"

"Mo sùn díẹ̀."

"Sùn dáadáa, jọ̀ọ́," Ìyá ní. "Mo ti bomi rin ọ́ láàárọ̀ yìí."